Afẹ́fẹ́ Tí Í Pani Bí Ọtí

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Alájue, nílùú Ẹdẹ, ìyá mi àgbà kì í jẹ́ kí a lọ sí odò Ọ̀ṣun láìsí àgbà lẹ́yìn wa. Bí a bá ní a mọ̀wẹ̀, wọn a ní: "Òmùwẹ̀ ní í bódò lọ." Ojo ni mo pè é nígbà náà. Nísinsìnyí tí àbúrò mi kan ń kọ́ iṣẹ́ òmùwẹ̀ inú òkun, mo wádìí ọ̀rọ̀ náà nínú ìtàn.

Ní nǹkan bí ọdún 1834 ni Junod, ará Faransé, ṣàkíyèsí pé ẹni tí ó bá ń mí afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ a máa ṣe bí ẹni tí ọtí ń pa. Ní ọdún 1935, Albert Behnke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tọ́ka sí náítírójìn. Òun ni ó pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí, kò sì ṣe wá ní nǹkan kan lórí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ní mítà 30 nísàlẹ̀ omi, ìfúnpá ti di ìlọ́po mẹ́rin, a sì bẹ̀rẹ̀ sí gun orí.

Inú a máa dùn láìnídìí. Ìṣirò kékeré a di òkè. Òmùwẹ̀ a tẹjú mọ́ aago láìmọ ohun tí aago wí. Èyí tí ó burú jù ni pé òun fúnra rẹ̀ lè má mọ̀. Ní ọdún 1947, Maurice Fargues, ọmọ ogun ojú omi Faransé, kọ orúkọ rẹ̀ sára wàláà ní nǹkan bí mítà 120. Wọ́n fà á sókè, kò jí mọ́.

Oògùn rẹ̀ kò le: kí ó rọra gòkè ní mítà díẹ̀, orí a mọ́. Kí ó má sì dá nìkan lọ, nítorí ojú ẹnìkejì ni í kọ́kọ́ rí i. Fún ibú gidi, hílíọ̀mù ni a ń fi rọ́pò náítírójìn, bí àwọn ará Amẹ́ríkà ti ṣe ní ọdún 1939 nígbà tí wọ́n ń yọ ọkọ̀ abẹ́ omi Squalus.

Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, ní oṣù karùn-ún ọdún 2013, ọkọ̀ Jascon-4 rì nítòsí Escravos. Harrison Okene, alásè ọkọ̀ náà, wà nínú àpò afẹ́fẹ́ ní nǹkan bí mítà 30 fún nǹkan bí wákàtí 60. Nígbà tí àwọn òmùwẹ̀ rí i, wọn kò sáré fà á síta. Náítírójìn ti kún ara rẹ̀. Inú yàrá ìfúnpá ni wọ́n fi í sí, tí wọ́n rọra ń dín in kù. Ọkùnrin yìí padà kọ́ iṣẹ́ òmùwẹ̀!

Mo ti gbà fún ìyá mi àgbà. Ẹni tí kò mọ̀wẹ̀ kì í dé ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń pani bí ọtí. Àbúrò mi, bí inú rẹ bá dùn jù nísàlẹ̀ omi, gòkè díẹ̀.