Àmì Ohùn àti Irinṣẹ́ Ìkọ̀wé: Bí Orúkọ Igbó-Ọrà Ṣe Dé Orí Kọ̀ǹpútà

Orúkọ Igbó-Ọrà, ìlú tí ó jẹ́ ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Àárín Gbùngbùn Ìbàràpá ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ti tàn ká nínú ìwé àwọn onímọ̀, pàápàá láti ìgbà tí Yunifásítì Ìbàdàn ti dá ètò ìlera sílẹ̀ ní ilẹ̀ Ìbàràpá ní ọdún 1963, tí àwọn oníṣègùn sì ń kọ̀wé lórí bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń bí ìbejì. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé bẹ́ẹ̀, Igbo-Ora lásán ni wọ́n tẹ̀, láìsí àmì ohùn lórí o, láìsí àmì abẹ́ ọ. Kò tọ́ kí a di gbogbo ẹ̀bi rẹ̀ ru àwọn òǹkọ̀wé, nítorí pé irinṣẹ́ ọwọ́ wọn ni ó ti kọ́kọ́ pinnu ohun tí ojú ìwé lè gbà.

Ìpàdé tí CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, ṣe ní Èkó ní ọdún 1875 lórí àkọtọ́ Yorùbá, èyíinì ni ìlànà bí a ṣe ń kọ èdè sílẹ̀, wà lára ohun tí ó fìdí ẹ, ọ àti ṣ múlẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ táípúráítà dé ọ́fíìsì, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni kò ní àwọn lẹ́tà wọ̀nyí; akọ̀wé a tẹ ọ̀rọ̀ tán, a fa bébà yọ, a sì fi bírò kán àmì sí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí iṣẹ́ bá wọ̀ lọ́rùn a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní ọdún 1974 tún ọ̀pọ̀ nǹkan ṣe, ṣùgbọ́n kò lè tún ẹ̀rọ ṣe.

Kọ̀ǹpútà mú ìṣòro mìíràn wá, nítorí pé òun kì í kàn kọ àmì sílẹ̀ nìkan, ó tún ń dájọ́. Word, ètò ìkọ̀wé ilé-iṣẹ́ Microsoft, ti ọdún 1993 mú AutoCorrect wá, èyí tí í ṣe àkójọ àṣìṣe àti àtúnṣe wọn tí ẹ̀rọ ń lò fúnra rẹ̀ bí ènìyàn ṣe ń tẹ̀wé. Ti ọdún 1995 sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà pupa sábẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀rọ náà fi ń ṣe ìdájọ́. Bí akọ̀wé ní Igbó-Ọrà bá tẹ “Ẹ rí i pé”, ẹ̀rọ a sọ i di lẹ́tà ńlá, “Ẹ rí I pé”, nítorí pé nínú Gẹ̀ẹ́sì, i tó bá dá dúró ní láti jẹ́ lẹ́tà ńlá. Ẹni tó bá fẹ́ kí ó dáwọ́ dúró ní láti wá i nínú àkójọ AutoCorrect, kí ó pa á rẹ́. Ìlà pupa ní tirẹ̀ a lọ bí a bá yan gbogbo ọ̀rọ̀ náà, tí a sọ fún Word pé Yorùbá ni, tí a sì pa ìlànà tó ń dá èdè mọ̀ fúnra rẹ̀, kí ó má baà tún padà sí Gẹ̀ẹ́sì.

Ìṣòro tó jinlẹ̀ jù kò hàn sí ojú. Unicode, ìlànà tó fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, ní ẹ àti ọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo, nítorí pé èdè Vietnam náà ń lò wọ́n. Ṣùgbọ́n àmì abẹ́ lẹ́tà jẹ́ àmì ohùn níbẹ̀, nítorí náà kò sí ìdí fún àwọn ará Vietnam láti fi àmì ohùn mìíràn lé e lórí, kò sì sí ẹ́ tàbí ọ̀ tó dá dúró. Lẹ́tà àti àmì ni ènìyàn ń so pọ̀, èyí sì lè ṣẹlẹ̀ ní ọ̀nà ju ẹyọ kan lọ: ẹ pẹ̀lú àmì òkè, tàbí é pẹ̀lú àmì abẹ́. Ojú a rí wọn bákan náà, ṣùgbọ́n ẹni tó wá Kẹ́hìndé nínú ìwé orúkọ ìbejì lè má rí i bí ẹni tó kọ ọ́ bá gba ọ̀nà kejì, àyàfi bí ètò ìṣirò kan bá kọ́kọ́ sọ gbogbo wọn di irú kan náà. Bí Táíwò àti Kẹ́hìndé bá jẹ́ orúkọ aláìsàn ní ilé ìwòsàn, àìrí bẹ́ẹ̀ lè mú kí àkọsílẹ̀ ènìyàn kan di méjì.