Ìwé-Ẹ̀rí Bàámi Kì Í Kú, Tèmi Ọdún Mẹ́ta Péré Ni

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀, thread yìí máa gùn. Ọ̀rọ̀ ìtàn ni, ọ̀rọ̀ owó sì ni pẹ̀lú.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo jókòó sí pálọ̀ wa ní Ìsọlọ̀, mò ń ṣírò owó lórí fóònù. Ìdánwò AWS Developer Associate ni mo fẹ́ ṣe, èyí tí Amazon ń ṣe fún àwa tí à ń kọ prógíráàmù tó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tiwọn. Dọ́là 150 ni. Bàámi bi mí pé kí ni mò ń ṣírò tí mo fi ń mí kanlẹ̀ báyẹn. Mo ṣàlàyé.

Wọ́n ní, "Ó dáa. Tó o bá ti yege, ó ti di tìẹ nìyẹn?"

Mo ní, "Rárá sà. Ọdún mẹ́ta ni. Tó bá ti pé ọdún mẹ́ta, màá tún ìdánwò ṣe ni, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó ti kú."

Wọ́n wò mí títí. "Ṣé ìwé-ẹ̀rí ni, àbí rẹ́ǹtì?"

Èmi rẹ́rìn-ín, àwọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n gbé àpò nylon dúdú kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìwé City and Guilds of London Institute ló wà nínú rẹ̀, ti iṣẹ́ iná mànàmáná, 1984. Ìwé yẹn ló gbé wọn wọ ilé-iṣẹ́ aṣọ kan ní ìhà tiwa níbí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà ní Ìsọlọ̀ mọ̀ pé àwọn ilé-iṣẹ́ aṣọ ló gbé àdúgbò yìí dúró nígbà yẹn. Ọjà Aswani pàápàá, orúkọ ilé-iṣẹ́ aṣọ ló ń jẹ́. Nígbà tí ibi iṣẹ́ Bàámi kógbá sílé, ìwé yẹn ò kógbá sílé. Wọ́n gbé e lọ sí ibòmíràn, wọ́n sì gbà wọ́n síṣẹ́.

Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ rẹ́ǹtì yìí ò ti jẹ́ kí n sùn. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn: báwo la ṣe dé ibi tí ọmọ Èkó ń san owó ìdánwò fún òyìnbó, tí ìwé tí ó gbà á tún ń ní ọjọ́ ikú?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Yábàá. Ní January 1934, ìjọba amúnisìn ṣí Yaba Higher College. Ẹ máa rò pé inú gbogbo èèyàn máa dùn, àbí? Rárá o. Dípúlómà tí wọ́n ń fúnni níbẹ̀, ilẹ̀ Nàìjíríà nìkan ló mọ̀ ọ́n. Kò bá dìgírì òyìnbó dọ́gba, ẹni tó bá sì gbà á, igbákejì òyìnbó ló máa jẹ́ níbi iṣẹ́. Ìbínú yẹn wà lára ohun tó bí Lagos Youth Movement lọ́dún yẹn gan-an, ẹgbẹ́ tó padà di Nigerian Youth Movement. Ẹ rò ó wò: ẹgbẹ́ òṣèlú pàtàkì kan nílẹ̀ yìí, ara ohun tó bí i ni pé àwọn ọ̀dọ̀ wo ìwé-ẹ̀rí kan, wọ́n ní èyí kò lè ṣí ilẹ̀kùn fún wa.

Ẹni tí kò rówó ọkọ̀ ojú omi wá ńkọ́? Ó máa ń jókòó sílé kàwé fún ìdánwò London. Láti 1858 ni Yunifásítì London ti ń jẹ́ kí ẹni tí kò wá sí kíláàsì ṣe ìdánwò dìgírì wọn. Ẹni tí gbogbo wa mọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Bàbá yìí ti ṣe tíṣà, ó ti kọ́ shorthand àti títẹ tápì, ó ti ṣe akọ̀wé, ó ti ṣe oníròyìn, ó ti ra kòkó, ó ti fi mọ́tò ṣòwò. Ní 1944 ló gba B.Com ti London láì tíì fẹsẹ̀ tẹ London rí. Ọdún yẹn náà ló wọkọ̀ lọ kọ́ òfin, nígbà tó sì di November 1946, ó ti di lọ́yà.

Ohun tó wù mí nínú ìtàn yìí kì í ṣe ìforítì o, torí gbogbo èèyàn ló ti fi ìforítì Awólọ́wọ̀ wàásù fún wa láti prámárì. Bí àwọn nǹkan yẹn ṣe tò tẹ̀ léra ni. Shorthand ló kọ́kọ́ di oúnjẹ. Dìgírì tẹ̀ lé e. Òfin ló kẹ́yìn. Kò kọ́kọ́ lọ bá èyí tó wọ́n jù.

Nígbà tó yá, àwọn oníṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìdánwò wọn wálé. Àwọn aṣírò-owó ló yára. Akintola Williams ti lọ gba tiẹ̀ ní England ní 1949. Nígbà tó di 1965, òfin dá ICAN sílẹ̀, òun náà sì ni ààrẹ àkọ́kọ́. Láti ìgbà náà, o lè jókòó sí Èkó kí o di chartered accountant, kí ẹnikẹ́ni má sì fojú kékeré wò ọ́. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ pẹ́ díẹ̀. City and Guilds tí Bàámi ṣe, WAEC ló ń bá London ṣètò rẹ̀ níbí, títí wọ́n fi dá NABTEB sílẹ̀ ní 1992, tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Benin, láti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ àwọn òyìnbó. Trade Test ti ìjọba àpapọ̀ náà wà níbẹ̀, Grade 3, Grade 2, Grade 1.

Ẹ má sì jẹ́ ká gbàgbé frídọ̀m. Ẹ lọ sí Òṣòdì lọ́jọ́ Sátidé, ẹ máa rí télọ̀ tàbí onídìrí tó ń ṣe frídọ̀m: àǹkárá ẹgbẹ́, ìrẹsì, ọ̀gá ń gbàdúrà, ọmọ iṣẹ́ kúnlẹ̀, wọ́n gbé sátífíkéètì lé e lọ́wọ́. Mi ò tíì gbọ́ rí pé ọ̀gá kan pe ọmọ iṣẹ́ padà lẹ́yìn ọdún mẹ́ta pé frídọ̀m rẹ ti expire, wá san òmíràn.

Ó wá kan kọ̀ǹpútà.

Ètò ìkànìyàn 1962 sí 1963 ni wọ́n sọ pé ó gbé kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ wọ Nàìjíríà. Ní 1963 yẹn kan náà, IBM dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, African Education Centre. Ẹ ṣàkíyèsí ẹni tó dá a sílẹ̀ o. Ẹni tó ń ta ẹ̀rọ náà ló ń kọ́ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni iṣẹ́ wa yìí ti rí bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe pé a ò gbìyànjú. Ní 1978, àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Ọdún yẹn náà, ní January, ilé ẹ̀kọ́ gíga kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbí ní Ìsọlọ̀: Lagos State College of Science and Technology, tó di LASPOTECH ní 1986. Wọ́n ní ibùdó fúngbà díẹ̀ ni Ìsọlọ̀, ṣùgbọ́n fúngbà díẹ̀ ní Èkó, ẹ̀yin náà mọ iye ọdún tó máa ń jẹ́. Ìkòròdú ni wọ́n padà fi ṣe ojúkò, ó sì di yunifásítì ní 2022. Ní 1993, òfin tún dá CPN sílẹ̀, àjọ tó ń forúkọ àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà sílẹ̀, tó sì ń ṣe ìdánwò tirẹ̀. A ní ICAN tiwa nìyẹn, lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ bi mí pé ẹ̀ẹ̀melòó ni mo ti rí "CPN" nínú ìpolówó iṣẹ́ developer tí mo ti ń wá láti ọdún méjì. Kò sí ẹyọ kan. AWS, Azure, Oracle ni wọ́n ń kọ. Ọ̀rọ̀ Yábàá 1934 ló tún padà wá yìí: ti ilé wà ńlẹ̀, ilẹ̀kùn ò mọ̀ ọ́n.

Kí ló fà á? Èrò tèmi ni pé òfin ìṣirò owó tiwa ni, a lè ṣe ìdánwò lórí ohun tó jẹ́ tiwa. Kọ̀ǹpútà Amazon kì í ṣe tiwa. Amazon ló mọ ohun tó yí padà nínú rẹ̀ lánàá. Bẹ́ẹ̀ ni Microsoft ṣe bẹ̀rẹ̀ sátífíkéètì tirẹ̀ ní 1992, tí Cisco gbé CCNA jáde ní 1998, tí Sun náà ṣe ti Java. Ní àyíká ọdún 2000, NIIT àti Aptech dé láti Íńdíà, ó wá di pé òbí tó lówó díẹ̀ ló ń rán ọmọ lọ kọ́ kọ̀ǹpútà. GSM dé ní 2001. Nígbà tí Soludo ní kí báńkì kọ̀ọ̀kan ní bílíọ̀nù 25 náírà, báńkì 89 di 25 kí 2005 tó parí. Ẹ rò ó wò, báńkì mẹ́ta mẹ́rin tó para pọ̀, tí kọ̀ǹpútà wọn ò gbọ́ èdè ara wọn. Ta ló máa tò ó?

Bùọ̀dá kan wà ní ilé wa tó wọlé síṣẹ́ lásìkò yẹn. Wọ́n ní MCSE ti Microsoft, wọ́n sì ní ti Java láti ọ̀dọ̀ Sun. Ìwé tí wọ́n fi kà á, bọ́síkọ́ọ̀nà ni, wọ́n rà á ní Òṣòdì, kí ìjọba Fáṣọlá tó kó gbogbo ṣọ́ọ̀bù etí títì kúrò ní January 2009. Wọ́n sọ fún mi pé nígbà náà, ẹ̀kísípò wà fún MCSE bó ṣe wà fún WAEC. Dump ni wọ́n ń pè é. Àwọn kan há a sórí, wọ́n yege, wọn ò sì lè tún kọ̀ǹpútà kan ṣe. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ Nàìjíríà nìkan, ní Amẹ́ríkà pàápàá wọ́n ní orúkọ fún wọn: paper MCSE.

Mo bi bùọ̀dá pé èwo ló ṣe wọ́n láǹfààní jù nínú méjèèjì. Wọ́n ní kí n má bínú, MCSE ló gbà wọ́n síṣẹ́. Ṣùgbọ́n Java ló ṣì ń bọ́ wọn.

Ẹ gbọ́ apá tó dùn níbẹ̀. Microsoft tó ṣe MCSE ṣì wà, ó sì lówó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. MCSE ló ti kú, 31 January 2021 ni wọ́n ti ìdánwò rẹ̀ pa. Sun tó fún wọn ní ti Java ló kú, Oracle rà á ní 2010. Java ò kú. Báńkì ṣì ń lò ó lónìí.

Ẹ jẹ́ ká padà sí owó tó mú mi mí kanlẹ̀. Ní 2019, owó oṣù tó kéré jù di 30,000 náírà, dọ́là sì wà ní bíi 360 lọ́jà. Dọ́là 150 jẹ́ 54,000, kò pé owó oṣù méjì. Ní 2022, ọ̀pọ̀ báńkì gé ohun tí káàdì náírà lè ná lókè òkun sí dọ́là 20 lóṣù, tó fi jẹ́ pé ẹni tó lówó gan-an ò rí i san. Ní 2024, owó oṣù tó kéré jù di 70,000, ṣùgbọ́n dọ́là ti ń lọ sí 1,500. Ìdánwò yẹn kan náà di 225,000. Ó lé ní owó oṣù mẹ́ta. Amazon ò fi kọ́bọ̀ kan lé e o, dọ́là 150 náà ni. Àwa la kéré sí i.

Torí náà mo pa ètò mi rẹ́, mo tún un ṣe. Tẹ́lẹ̀, mo fẹ́ yá owó kí n ṣe ìdánwò lóṣù tó ń bọ̀, kí n lè fi báàjì rẹ̀ sórí LinkedIn. Ní báyìí, màá máa tọ́jú 25,000 lóṣù fún oṣù mẹ́sàn-án. Nínú oṣù mẹ́sàn-án yẹn, ohun tó wà lábẹ́ ni màá kọ́: SQL, Linux, bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń gbé ọ̀rọ̀. SQL, láti 1974 ni IBM ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Unix tí Linux fara wé, 1969 ni. Wọ́n dàgbà ju ìwé Bàámi lọ, kò sì sẹ́ni tó ń gba rẹ́ǹtì lórí wọn. CS50 ti Harvard wà lọ́fẹ̀ẹ́, freeCodeCamp wà lọ́fẹ̀ẹ́. Dátà àti iná lèèyàn ń san, èyí tí kì í ṣe kékeré náà.

Ìgbà tí mo bá wá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́ gan-an ni màá ṣe ìdánwò, torí ọjọ́ tí èèyàn bá yege ni ọdún mẹ́ta ti ń kà. Inú centre ni màá sì ti ṣe é. Wọ́n ní èèyàn lè ṣe é nílé lórí laptop, ṣùgbọ́n ta ló máa fi 225,000 ta tẹ́tẹ́ pẹ̀lú iná Ìsọlọ̀?

Mo fi ètò yìí han Bàámi lánàá. Wọ́n kà á, wọ́n ní ó dáa. Wọ́n wá bi mí bóyá ìwé tí wọ́n máa fún mi máa tóbi tó tiwọn. Mo ní, "Wọn kì í fúnni ní ìwé mọ́ sà, link ni wọ́n máa fi ránṣẹ́ sí mi."

Wọ́n ní tó bá ti dé, kí n lọ tẹ̀ ẹ́ jáde ní business centre, kí n sì lẹ nylon mọ́ ọn. Àyè ṣì wà nínú àpò.