Òdòdó Kí Ó Tó Di Ìtànná: Ọ̀nà Méjì tí Pupa Gbà Wọ Àríwá Èkìtì

Bí olùkọ́ bá bi ọmọ ilé-ìwé kan ní Ìkọ̀lé pé kí ni òdòdó, ohun tó tanná nínú ọgbà ni ọmọ náà yóò tọ́ka sí, kò sì sí ẹni tí yóò ní ó ṣì í. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí Bíbélì Yorùbá, èyí tí odidi rẹ̀ jáde ní 1884. Ìtànná ni wọ́n pe ohun tó ń tanná nínú pápá níbẹ̀. Okùn tí Ráhábù so mọ́ fèrèsé àti aṣọ tí àwọn ọmọ ogun wọ̀ fún Jésù láti fi í ṣe ẹlẹ́yà ni wọ́n fi òdòdó júwe. Àwọn kan gbà pé ara ìtànná ni àwọ̀ ti gba orúkọ náà. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Aṣọ ni òdòdó kí ó tó di àwọ̀. Àwọ̀ ni kí ó tó di ohun tí à ń já lọ́gbà.

Yorùbá ti ní pupa tipẹ́, pupa náà sì gbòòrò: epo pupa ni, ẹ̀jẹ̀ pupa ni, ènìyàn tí kò dúdú, pupa là ń pè é. Osùn ni àwọn ìyá wa ń lọ̀ lórí ọlọ fún ara ọmọ tuntun. Ṣùgbọ́n bí a bá fi osùn kun òwú, rúsúrúsú ló máa ń dà. Kíjìpá tí àwọn obìnrin Èkìtì ń hun nílé lórí òfì ìdúró, funfun àti aró ló pọ̀ jù lára rẹ̀. Pupa tó ń tàn yòò, tí a ń rí láti òkèèrè, òwò ló gbé e wá.

Ọ̀nà méjì ló sì gbà wá. Àwọn Pọtogí dé Ìbíní láàárín 1480 sí 1490, aṣọ onírun pupa sì wà lára ọjà òkè òkun tó ń wọlé síbẹ̀. Títí di òní, ododo ni wọ́n ń pe aṣọ pupa àwọn ìjòyè ní Ìbíní. Akúrẹ́ ni ibùdó ńlá àwọn oníṣòwò Ìbíní láyé àtijọ́, ibẹ̀ ni ọjà wọn ń gbà gun òkè wọ Èkìtì. Ọ̀nà kejì, aṣálẹ̀ ni. Ḥarīr ni Lárúbáwá ń pe sílíkì. Haúsá sọ ọ́ di alharini. Ó dé ẹnu tiwa, ó di àlàárì. Sílíkì tí wọ́n ti rẹ pupa láti Tripoli dé Kano ni, tó ń gba ilẹ̀ Nupe sọ̀ kalẹ̀. Orúkọ òwú náà wá di orúkọ aṣọ òkè tí a fi hun ún, tí a ń kà mọ́ sányán àti ẹtù. Ìdó, Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé wà láàárín Akúrẹ́ àti Nupe, níbi tí ọjà òkun àti ọjà aṣálẹ̀ ti lè pàdé. Òwú pupa ṣọ̀wọ́n débi pé, nígbà kan rí, àwọn Bùnú, tí wọ́n wà ní òkè Ìkọ̀lé lọ́hùn-ún, a máa tú bùláńkẹ́ẹ̀tì pupa ti ọsibítù fọ́nrán-fọ́nrán kí wọ́n lè rí òwú hun aṣọ ìpò, aṣọ tí wọ́n fi ń sìnkú àwọn olóyè. Onímọ̀ Elisha Renne kọ nípa rẹ̀ ní 1995.

Nígbà tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n túmọ̀ Bíbélì náà dé Aísáyà 1:18, níbi tí pupa méjì ti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, èdè wa kò jẹ́ kí ojú tì wọ́n. Wọ́n fi òdòdó sí ọ̀kan, wọ́n fi àlàárì sí èkejì. Ọ̀rọ̀ òkun àti ọ̀rọ̀ aṣálẹ̀ wá bára wọn nínú ẹsẹ kan ṣoṣo.

Berlin àti Kay, nínú ìwé wọn ti 1969 lórí orúkọ àwọ̀, ń fura sí ọ̀rọ̀ tó bá tún jẹ́ orúkọ nǹkan, tàbí èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yá. Lójú òṣùwọ̀n wọn, dúdú, funfun àti pupa nìkan ni yóò yege gẹ́gẹ́ bí orúkọ àwọ̀ ìpìlẹ̀. N kò bá òṣùwọ̀n náà jà, ohun tí wọ́n ń wá ló bá mu. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró síbẹ̀ yóò gbàgbé òwò, ipò àti ọlá tó wà nínú orúkọ àwọ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá rìn ín bẹ́ẹ̀: scarlet tiwọn, aṣọ olówó iyebíye ni láyé àtijọ́, kì í sì í ṣe pupa nìkan, kí ó tó di orúkọ àwọ̀.

Kí ló wá ya òdòdó àti àlàárì sọ́tọ̀? Lójú tèmi, òfì ni. Wọ́n ṣì ń hun àlàárì ní Ìṣẹ́yìn, ọlọ́jà ṣì ń tà á, nítorí náà àwọ̀ rẹ̀ kò bọ́ lára rẹ̀. Aṣọ onírun tó ń jẹ́ òdòdó ti kúrò lọ́jà wa, ọ̀rọ̀ náà sì ṣófo, ìtànná tó bá a mu ní àwọ̀ sì gbà á. Lónìí a ń sọ pé òdòdó funfun, etí wa kò sì gbà á sí èèmọ̀. Létí ẹni tó gbọ́ ọ ní 1884, bí ẹni tó ní pupa funfun ni yóò rí.

Àlàárì náà ti ń rìn lọ díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá ń yan aṣọ ẹbí ní Ìfàkì tàbí Ọ̀yẹ́, “wáìnì” ni àwọn ọ̀dọ́ ń pè é. Ó dùn mí, nítorí àwọn ìyá tó mọ òfì ìdúró àti orúkọ gbogbo òwú tó ń gorí rẹ̀ kò pọ̀ mọ́. Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́ ní 2011 kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà wọn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé ìwé àti ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, kí ó lọ bi wọ́n léèrè.