Ẹni tí Ìwé Ìjọba Kọ Orúkọ Rẹ̀: Àwọn Ọmọ Akàndá àti Ètò SSI ní Amẹ́ríkà

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a wo bí òpìtàn ṣe lè lo àkọsílẹ̀ ìjọba láti fi mọ ìtàn àwọn ọmọ tí àìlera wọn le gan-an. Ètò ìrànwọ́ owó SSI ti Amẹ́ríkà ni àpẹẹrẹ wa. Ọdún 1972 ni wọ́n ṣe òfin rẹ̀. Ọdún 1974 ni owó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Ní ìparí ọdún 1989, àwọn ọmọ tó ń gba owó náà kò tó 300,000. Ní ìparí ọdún 1996, wọ́n ti lé ní 900,000. Ẹni tó bá wo iye yìí nìkan lè rò pé àjàkálẹ̀ àrùn ló bẹ́ sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1990, nínú ẹjọ́ Sullivan àti Zebley, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní àkójọ orúkọ àìsàn nìkan kò tó. Kí wọ́n wo ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan lè ṣe. Ọdún yẹn náà ni wọ́n tún ìlànà àyẹ̀wò àìlera ọpọlọ ọmọdé ṣe. Nígbà tó di 1996, òfin tuntun mú àyẹ̀wò náà le, wọ́n sì yọ ọ̀pọ̀ ọmọ kúrò. Ara wọn kò tìtorí bẹ́ẹ̀ yá.

Bẹ́ẹ̀ sì ni, tálákà nìkan ni ètò náà wà fún. Ọmọ olówó kò sí nínú ìwé, bó ti wù kí àìlera rẹ̀ le tó.

Bẹ́ẹ̀ náà ni rẹ́jísítà kíláàsì wa: ọmọ tí wọ́n fi sílé kò sí níbẹ̀. Kí a tó ka orúkọ, ẹ jẹ́ kí a bèèrè ẹni tí òfin ní kí a kọ.