ÀTỌ̀GBẸ, GÀRÍ ÀTI ÌSANRA

Kí n bẹ̀rẹ̀ láti inú iṣẹ́ tí mo mọ̀, èyí tí í ṣe iṣẹ́ ọ̀rọ̀. Àwọn baba wa pe àrùn kan ní àtọ̀gbẹ. Bí a bá tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, títọ̀ àti gbígbẹ ni a ó bá nínú rẹ̀: kí ènìyàn máa tọ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi gbẹ. Ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ àrùn náà lórúkọ ti rí aláìsàn tí òùngbẹ ń gbẹ láìsinmi, tí ó ń dìde lóru léraléra, tí ẹran ara rẹ̀ sì ń yọ́ lọ. Aretaeus ará Kapadókíà, oníṣègùn Gíríìkì àtijọ́, kọ ọ́ sílẹ̀ bákan náà pé ẹran ara ni ó ń yọ́ di ìtọ̀. Ẹnì kan kò kọ́ ẹnì kejì. Ohun kan náà ni ojú wọn rí.

Ṣùgbọ́n orúkọ tí ó ṣe déédéé lè bo nǹkan mọ́lẹ̀. Nítorí pé gbígbẹ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ẹni tí ara rẹ̀ kún dáadáa kì í rò pé àrùn náà lè wà lára òun. Ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ní Àgọ́-Ìwòyè, títí dé etí omi ní Ogun Waterside, bí a bá sọ fún ènìyàn pé ó sanra, ìkíni ni, èsì rẹ̀ sì ni pé a dúpẹ́. Etí tèmi a máa gbọ́ "sàn" àti "ara" nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí ó rù ni a ń káàánú. Ní àwọn ọdún tí éèdì gbòde, òun náà ni a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ ìwádìí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ti fi hàn pé ọ̀rọ̀ méjèèjì, àtọ̀gbẹ àti ìsanra, kò jìnnà sí ara wọn bí a ti rò.

Ní agbègbè tí ó di Ìpínlẹ̀ Ògùn lẹ́yìn náà ni a bí Babátúndé Oṣótìmẹ́hìn ní ọjọ́ 6 oṣù Kejì, ọdún 1949. Ó lọ sí Igbobi College ní Èkó, ó gba oyè ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1972, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Birmingham ní 1979. Ní 1980 ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ìbàdàn, nínú ẹ̀kọ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti omi ara. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n mọ́ ni ipò tí ó dì mú lẹ́yìn náà: ó darí àjọ tí ń gbógun ti éèdì ní Nàìjíríà, ó ṣe mínísítà ètò ìlera láti 2008 sí 2010, ó sì jẹ́ olórí àjọ UNFPA láti 2011 títí ó fi kú ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà, 2017. Gàrí kì í sábà wọ inú irú ìtàn ìgbésí ayé bẹ́ẹ̀. Èmi rò pé ó yẹ kí ó wọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ní 1979, McMillan àti Geevarghese gbé e jáde pé ó ṣeé ṣe kí sáyánáìdì tí ó wà nínú ẹ̀gẹ́ máa ba ẹ̀yà ara tí ń pèsè ínsúlínì jẹ́, kí ó sì máa fa àtọ̀gbẹ fún àwọn tálákà tí kò rí ẹran àti ẹja jẹ. Ní 1985, Àjọ Ìlera Àgbáyé ka àtọ̀gbẹ àìjẹunre mọ́ oríṣi àtọ̀gbẹ. Orúkọ ẹ̀gẹ́ kò sì dára tẹ́lẹ̀, nítorí pé ní 1968 ni B. O. Osuntokun ti kọ̀wé lórí àrùn iṣan tí ń mú àwọn tí ẹ̀gẹ́ jẹ́ oúnjẹ wọn lójoojúmọ́, tí wọn kì í fi í lè rìn dáadáa. Gàrí wá di ẹni tí a fẹ̀sùn kàn. Fún Ìjẹ̀bú, tí a fi orúkọ rẹ̀ pe gàrí kíkan tí ó kúnná, ẹ̀sùn náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Ìbàdàn kò fi ariwo dá a lóhùn. Oúnjẹ ni wọ́n gbé kalẹ̀. Nínú iṣẹ́ tí ó jáde ní 1990, Akanji, Adeyefa, Charles-Davies àti Oṣótìmẹ́hìn fún àwọn tí kò ní àtọ̀gbẹ ní oríṣiríṣi oúnjẹ ẹ̀gẹ́, wọ́n sì wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn, pẹ̀lú thiocyanate, èyí tí ara ń sọ sáyánáìdì dà kí ó lè tọ̀ ọ́ dànù. Ṣáájú èyí, ní 1987, Teuscher àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ̀wé nínú Lancet nípa àwọn ará oko kan ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n ń jẹ ẹ̀gẹ́ púpọ̀, tí àtọ̀gbẹ kò sì sí láàrin wọn. Ní 1993, Akanji àti Famuyiwa fi ẹ̀gẹ́ bọ́ eku fún ìgbà pípẹ́. Àtọ̀gbẹ kò tìdí rẹ̀ jáde. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé tún ìpín náà ṣe ní 1999, wọ́n yọ àtọ̀gbẹ àìjẹunre kúrò. Èyí kò wí pé kí á máa mu gàrí ní àmuyó. Ṣúgà ni gàrí ń dà nínú ẹ̀jẹ̀. Ohun tí a dá a láre lé lórí ni májèlé.

Ẹ̀sùn kejì wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹ̀jẹ̀ ènìyàn dúdú ni wọ́n fi kàn. Àwọn ènìyàn dúdú ní Amẹ́ríkà ń ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ ju àwọn aláwọ̀ funfun ibẹ̀ lọ, àwọn onímọ̀ kan sì ń sọ pé àbímọ́ ni. Richard Cooper àti Charles Rotimi kó àwọn oníṣègùn jọ láti wọn àwọn tí orísun wọn jẹ́ ọ̀kan, láti ibí títí dé òdìkejì òkun. Oṣótìmẹ́hìn wà lára wọn. Ìdìkan ní Ìbàdàn àti Igbó-Ọrà sì wà lára ibi tí wọ́n ti ṣe é. Wọ́n ka ènìyàn 10,014. Èsì ẹ̀jẹ̀ ríru jáde ní 1997: ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, 26 ní erékùṣù Karíbíánì, 33 ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún kan náà, Cooper, Rotimi, Owoaje àti àwọn mìíràn gbé ti àtọ̀gbẹ jáde: ìdá 2 ní Nàìjíríà, 9 ní Karíbíánì, 11 ní Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì. Bí ara ti ń sanra sí i láti ibì kan dé ibòmíràn ni àrùn ń pọ̀ sí i. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ nìkan ni, kí ló dé tí àwọn ọmọ ìyá tí kò kúrò nílé fi bọ́?

Kí wá ni ọ̀rá ń ṣe? Sẹ́ẹ̀lì, ẹyọ kéékèèké tí a fi mọ ara, ní ẹnu ọ̀nà tí ṣúgà ń gbà wọlé. Ínsúlínì, tí ń ti inú ẹ̀yà ara kan lẹ́yìn àpòlùkù wá, ni ó ń kan ilẹ̀kùn. Bí sẹ́ẹ̀lì iṣan tàbí ti ọ̀rá bá gbọ́, yóò rán àwọn alágbàrù tirẹ̀ láti inú lọ́hùn-ún wá sí ẹnu ọ̀nà láti gbé ṣúgà wọlé. Ṣùgbọ́n nígbà tí sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá bá kún àkúnya, ọ̀rá a máa ṣàn lọ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan, etí wọn a sì di sí ínsúlínì. Ara a wá máa pèsè ínsúlínì púpọ̀ sí i, a máa kan ilẹ̀kùn kíkankíkan fún ọdún púpọ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Ìgbà tí agbára rẹ̀ bá tán ni ṣúgà yóò kún inú ẹ̀jẹ̀, tí títọ̀ àti gbígbẹ yóò sì dé. Nítorí náà, àwọn baba wa rí òtítọ́. Ìparí rẹ̀ ni wọ́n rí, tàbí oríṣi tí ń sábà mú ọmọdé, nínú èyí tí ínsúlínì kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí rárá.

Ìwádìí gbogbo orílẹ̀-èdè tí Akinkugbe darí, tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1997, rí àtọ̀gbẹ lára ìdá 2.2 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí Uloko àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó oríṣiríṣi ìwádìí pọ̀ ní 2018, ó ti di 5.77. Àwọn tí kò kúrò nílé náà ti ń tẹ̀ lé àwọn tí ó ré òkun kọjá.

Àwọn kan ti pa àtọ̀gbẹ tì, wọ́n ń pè é ní ìtọ̀ ṣúgà. Kò tẹ́ mi lọ́rùn. Láti òpin ọ̀rúndún tí ó kọjá, bí ẹni tí kò tíì jẹun láti òru bá ní míligíráàmù 126 ṣúgà nínú ìdá kan nínú mẹ́wàá lítà ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n tún un wọ̀n tí kò yí padà, oníṣègùn yóò sọ pé ó ní àtọ̀gbẹ. Kíndìnrín kì í sì í sábà jẹ́ kí ṣúgà bọ́ sínú ìtọ̀ àfi bí ó bá kọjá bí 180. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 150 ti ní àrùn náà, kò tọ̀ ju ẹlòmíràn lọ, kò gbẹ, èèrà kankan kò sì ní í ṣù bo ibi tí ó tọ̀ sí.