Nọ́ńbà àti Iná Ẹ̀yìn Lára Karafáànì Àtijọ́

Karafáànì ni ilé kékeré onítáyà tí mọ́tò máa ń fà lẹ́yìn, tí àwọn ará Bìrìtéènì fi ń lọ gbafẹ́ létí òkun àti ní ìgbèríko. Kò ní ẹ́ńjìnnì, kò sì ní nọ́ńbà tirẹ̀. Nọ́ńbà mọ́tò tó bá ń fà á ni òfin ní kó gbé sẹ́yìn. Bí Ford bá fà á lónìí, tí Land Rover fà á lọ́la, nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ yí padà. Ọ̀tọ̀ ni ti Amẹ́ríkà, níbi tí ìpínlẹ̀ ti sábà máa ń fún un ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹni tó ní karafáànì Airstream àtijọ́ níbẹ̀ á kan pílétì nọ́ńbà mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan, ó parí.

Ìyípadà yìí ló ń ba karafáànì àtijọ́ jẹ́, bí wọ́n bá ń lu ihò tuntun fún pílétì kọ̀ọ̀kan. Páànù alumíníọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n kàn mọ́ férémù igi ni ara ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ihò síkírúù kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹnu ọ̀nà fún òjò, omi tó bá sì gba ibẹ̀ wọlé á máa jẹ igi náà lábẹ́lẹ̀. Kí ẹni tó ni ín tó mọ̀, férémù ti rọ̀ bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi. Ohun tó dára jù ni kí a de pátákó kan mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí a fi gọ́ọ̀mù rírọ̀ dí ihò rẹ̀ pa, kó jẹ́ pé ara pátákó yẹn ni pílétì yòówù á máa há sí.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1904 ni òfin ti mú mọ́tò ní dandan láti gbé nọ́ńbà ní Bìrìtéènì. Ilé iṣẹ́ Eccles ní Birmingham bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe karafáànì tí mọ́tò ń fà fún títà ní 1919. Iná ẹ̀yìn ayé ìgbà náà máa ń ṣe iṣẹ́ méjì: ó ń tàn pupa sẹ́yìn, ó sì ní gíláàsì funfun kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ń tan ìmọ́lẹ̀ sórí nọ́ńbà. Ìdí nìyí tí pílétì àtijọ́ fi máa ń sún mọ́ iná pẹ́kípẹ́kí. Pílétì dúdú onílẹ́tà funfun ló wà nígbà náà. Láti 1973 ni mọ́tò tuntun ti gbọ́dọ̀ lo èyí tó ń dán, tó jẹ́ yẹ́lò lẹ́yìn. Yẹ́lò yẹn kì í bá ọ̀dà àtijọ́ mu, ṣùgbọ́n bí mọ́tò ìgbàlódé bá ń fà á, kò sí ọgbọ́n mìíràn.

Ní ti iná, rẹwáyà tó mọṣẹ́ á fi gíláàsì àtijọ́ sílẹ̀, á tún inú rẹ̀ ṣe. Gílóòbù kan náà máa ń ní okùn méjì: wáàtì 5 fún iná ẹ̀yìn, wáàtì 21 fún búréèkì. Kó wo fólítì rẹ̀ dáadáa, nítorí àwọn mọ́tò kan láyé ọjọ́un ń lo 6. Gílóòbù wọn á jó lójú ẹsẹ̀ lórí 12. Nínú púláàgì ẹlẹ́sẹ̀ 7 ti Bìrìtéènì tó ń gba iná láti ara mọ́tò, wáyà yẹ́lò ni tráfíkétọ̀ òsì, àwọ̀ ewé ni ti ọ̀tún, pupa ni búréèkì, dúdú ni iná ẹ̀yìn òsì àti ti nọ́ńbà, funfun sì ni éètì, ìyẹn ọ̀nà tí iná ń gbà padà.

Éètì yìí ni kí a ṣọ́ jù. Láyé àtijọ́, ara páànù ni wọ́n fi ń ṣe é, alumíníọ̀mù tó ti dípẹtà kì í sì í gbé iná dáadáa. Iná tí kò rọ́nà padà á gba inú gílóòbù mìíràn kọjá: a tẹ búréèkì, tráfíkétọ̀ tàn bàìbàì. Ẹlòmíràn á ra gílóòbù mẹ́ta láì rí ojútùú. Wáyà funfun tààrà láti ìdí iná kọ̀ọ̀kan dé púláàgì ni oògùn rẹ̀.

Àwọn kan ti ń fi gílóòbù LED sínú iná ẹ̀yìn. Iná tó ń lò kéré gan-an, débi pé mọ́tò ìgbàlódé lè rò pé gílóòbù ti jó, kó máa kìlọ̀ fún awakọ̀.

Bí a bá ń dá iná padà sípò, òkè àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nìkan ni ká fi gọ́ọ̀mù sí. Ká fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀, kí omi tó bá já wọlé lè rí ibi jáde.