Ọjọ́ tí Ẹ̀rọ Gba Iṣẹ́ Ẹsẹ̀ Awakọ̀

Nínú ìdíje ọkọ̀ Formula One, ìbẹ̀rẹ̀ eré a máa fi ọgbọ́n awakọ̀ hàn. Bí ó bá tẹ iná jù, táyà a máa yí lójú kan. Bí ó bá tètè ju kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì lè kú. Láti ọdún 1994 ni òfin ti ka àwọn ẹ̀rọ tí ń bá awakọ̀ ṣe iṣẹ́ yìí léèwọ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 2001, nínú ìdíje ilẹ̀ Sípéènì, a tún gba èyí tí wọ́n ń pè ní launch control láàyè: kọ̀ǹpútà ni yóò máa díwọ̀n agbára ẹ́ńjìnnì àti kílọ́ọ̀ṣì.

Kí eré gan-an tó bẹ̀rẹ̀ ni ọkọ̀ David Coulthard, awakọ̀ McLaren, ti kú. Ẹ̀yìn gbogbo ọkọ̀ ni ó ti gbéra, síbẹ̀ ó ṣe ipò karùn-ún. Ron Dennis, olórí ẹgbẹ́ rẹ̀, kọ́kọ́ dá a lẹ́bi. Lẹ́yìn náà ni ó hàn pé ẹ̀rọ ni ó kùnà. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i, ní Austria, ọkọ̀ mẹ́rin ni ó kú lójú ìlà ìbẹ̀rẹ̀. Coulthard ni ó sì gbégbá orókè níbẹ̀.

Ní 2004, òfin tún mú launch control kúrò. Ẹ̀rọ gba iṣẹ́ lẹ́sẹ̀ awakọ̀, ṣùgbọ́n kò gba ẹ̀bi lọ́rùn rẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.